Fíísà nìkan kọ́ lowó ẹ̀: ẹ jẹ́ ká ṣírò iṣẹ́ ìlú ọba dáadáa kẹ́ ẹ tó ta ilẹ̀

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan pè mí láti Ìbàdàn lọ́sẹ̀ tó kọjá, nọ́ọ̀sì ni, ó ti ń ṣiṣẹ́ bí ọdún mẹ́rin báyìí. Ó ní, "Àǹtí mi, mo ti ríṣẹ́ o! Ọsibítù kan ní UK ti mú mi, £31,049 ni wọ́n máa san lọ́dún." Kí n tó kí i tán ló ti yí i sí náírà, ó ní mílíọ̀nù 62, ó ní ọkọ òun ti fẹ́ ta mọ́tò, pé wọ́n tún ti ń wá ẹni tó máa ra ilẹ̀ tí wọ́n rà sí ọ̀nà Àkànràn, kí òun àti ọkọ àtàwọn ọmọ méjèèjì lè jọ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Inú mi dùn gan-an, àdúrà la ti ń gbà lórí ẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Àmọ́ mo bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n má tíì ta ilẹ̀ yẹn, kó fún mi lálẹ́ ọjọ́ kan péré ká jókòó ṣírò ẹ̀, torí mílíọ̀nù 62 tó ń kà yẹn ò ní wọ ọwọ́ ẹ̀ láé.

Mo wá rí i pé kì í ṣe òun nìkan, ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. Láti June 2023 tí ìjọba Tinubu ti fi náírà sílẹ̀ kó lọ wá ipò ara ẹ̀ lọ́jà, tí dọ́là kan kúrò ní bíi ₦460 tó lọ kọjá ₦1,500, ẹni tó ń gbowó oṣù ní Nàìjíríà kàn ń wo owó ẹ̀ ni bó ṣe ń yọ́ bí òrí tí wọ́n gbé sóòrùn. Owó oṣù tó kéré jù tí wọ́n gbé sí ₦70,000 ní July 2024, kò tó £40. Nítorí náà ẹni tó bá ní òun ń lọ, mi ò ní bá a jà, èmi náà lọ. Ohun tí mo fẹ́ kó mọ̀ ò ju mẹ́ta lọ: èló ló máa ná an kó tó débẹ̀, èló ló máa ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́ lóṣù tó bá débẹ̀, oṣù mélòó ló sì máa fi rí owó tó fi lọ padà. Kó lè rọrùn, £1 sí ₦2,000 ni màá fi ṣírò, tí ráàtì bá lọ sókè tàbí tó wá sílẹ̀ ẹ tún un ṣe fúnra yín.

Ẹ jẹ́ ká mú £31,049 yẹn. Òun ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ fún nọ́ọ̀sì band 5 (band ni ìpele owó oṣù) lábẹ́ NHS, ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba, ní England lọ́dún 2025 sí 2026. Àkọ́kọ́ ná, kì í ṣe ọjọ́ tó bá dé ló máa máa gbà á, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe OSCE, ìdánwò tí wọ́n ń fọwọ́ ṣe, kó yege kó sì gba PIN, ìyẹn nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀, lọ́dọ̀ NMC, àjọ tó ń forúkọ àwọn nọ́ọ̀sì sílẹ̀, kó tó dìgbà yẹn ọ̀pọ̀ ọsibítù band 4 tàbí band 3 ni wọ́n ń san, band 4 sì bẹ̀rẹ̀ láti £27,485 lọ́dún yẹn. Èkejì, £12,570 àkọ́kọ́ nínú owó ọdún nìkan ni wọn ò gba owó orí lórí ẹ̀, lórí èyí tó kù wọ́n á mú 20 nínú ọgọ́rùn-ún, National Insurance (owó ìbánigbófò ìjọba) á mú 8, pẹ́ńṣọ̀n NHS náà á mú bíi 8.3 nínú gbogbo owó oṣù. Tẹ́ ẹ bá yọ gbogbo ẹ̀ kúrò, ohun tó máa wọ báńkì lóṣù ò ju bíi £1,980 lọ, ìyẹn lẹ́yìn tó bá ti di band 5 o. Pọ́n-ùn lẹ fi gbà á, pọ́n-ùn náà lẹ máa fi ra tòmátò, òun náà lẹ máa fi wọ bọ́ọ̀sì. Èyí tó bá kù lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ nìkan la lè sọ di náírà, òun nìkan ló yẹ kéèyàn fi wé owó tó ń gbà nílé.

Ká wá sórí owó tẹ́ ẹ máa ná kẹ́ ẹ tó wọ bàálù. Ibí yìí ni irú iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe ti máa ń dá ìyàtọ̀ ńlá sílẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì mọ̀. Fíísà àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, Health and Care Worker, £304 ni wọ́n gbé e sí ní April 2025 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tí fíísà náà kò bá ju ọdún mẹ́ta lọ, wọn kì í sì í san owó ìlera tí wọ́n ń pè ní IHS rárá. Ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin, £1,216, ó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù méjì àbọ̀ tẹ́ ẹ bá fi ráàtì UKVI, ìyẹn ọ́fíìsì fíísà UK, kún un, torí UKVI ní ráàtì tirẹ̀ tó máa ń ga ju ti ọjà lọ díẹ̀. Ẹ wá mú ẹnjiníà tàbí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tó ń lọ lórí fíísà Skilled Worker lásán, òun náà ní ìyàwó àti ọmọ méjì. Fíísà ọ̀kọ̀ọ̀kan £769 ní 2025, ẹni mẹ́rin £3,076. IHS ti àgbàlagbà £1,035 lọ́dún, ti ọmọdé £776, ẹ ṣe é ní ọdún mẹ́ta, ó di £10,866, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n sì ń gba gbogbo ẹ̀ ṣáájú. Àròpọ̀ £13,942. Ó ń lọ sí mílíọ̀nù 28 náírà, tíkẹ́ẹ̀tì ò tíì sí níbẹ̀, àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ tí àjọ IOM ń ṣe ní Èkó àti Àbújá ò sí níbẹ̀, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti gbé sókè sí ìpele B2 láti January 2026 náà ò sí níbẹ̀. Tí ẹni yẹn bá dá lọ, £3,874 ni, kò tó mílíọ̀nù mẹ́jọ. Ẹ ti rí i pé ọ̀rọ̀ "ká jọ lọ tàbí kí n kọ́kọ́ lọ" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́ nìkan.

Owó tún wà tí wọ́n ní kẹ́ ẹ fi hàn pé ẹ ní. £1,270 fún ẹni tó ń lọ, £285 fún ọkọ tàbí ìyàwó, £315 fún ọmọ kan, £200 fún ọmọ mìíràn kọ̀ọ̀kan, kó sì ti wà nínú àkáǹtì fún ọjọ́ 28 láìsọ̀ kalẹ̀. Ti ẹni mẹ́rin, £2,070. Tí agbanisíṣẹ́ yín bá ní ìwé àṣẹ tó pé tó sì kọ ọ́ sínú CoS, ìwé tó fi ń mú yín wá, pé òun á gbé bùkátà yín ní oṣù àkọ́kọ́, wọn ò ní bi yín. Àwọn kan máa ń yá owó yìí lọ́wọ́ ẹni tó ń yáni pẹ̀lú èlé kó kàn lè jókòó sínú àkáǹtì fún ọjọ́ 28, lẹ́yìn náà wọ́n á dá a padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Owó yẹn gan-an lẹ máa nílò tẹ́ ẹ bá balẹ̀, ìjọba ò kàn fi yọ yín lẹ́nu lásán.

Fún nọ́ọ̀sì, owó NMC tún wà: £140 kí wọ́n yẹ ìwé yín wò, £83 fún CBT (ìdánwò orí kọ̀ǹpútà), £794 fún OSCE, £153 kí wọ́n tó kọ orúkọ yín sílẹ̀, £1,170 lápapọ̀. Ọsibítù tó mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yìí ní àwọn á san ti OSCE àti fíísà tiẹ̀, wọ́n á sì fún un nílé fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mo ní kó ka ìwé àdéhùn yẹn dé òpin, a sì rí i níbẹ̀ pé tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó pé ọdún méjì, ó máa dá lára owó náà padà. Kì í ṣe ohun burúkú fúnra ẹ̀, àmọ́ gbèsè ni, ó sì yẹ kéèyàn kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn gbèsè yòókù.

Ibi tó ń pa àwọn èèyàn wa lára jù lọ nìyí, ìyẹn ọ̀sẹ̀ méje tàbí mẹ́jọ àkọ́kọ́. Èmi dé ní October 2022, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ní àwọn ti ti ìwé owó oṣù yẹn, pé ìparí November ni tèmi máa bọ́ sí. £1,400 ni mo gbé wá, ó tóbi lójú mi nílé, mo rò pé olówó ni mí. Mo san £480 fún yàrá kan nínú ilé tí a ti jọ ń lo kíṣínì, mo tún san £480 fún káṣọ̀n, mo ra kóòtù, mo ra dùfé, mo ra káàdì bọ́ọ̀sì, nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ karùn-ún mi ò ní nǹkan kan mọ́. Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ń fún mi ní ìrẹsì nínú kúlà lọ́jọ́ Sunday, mo máa ń pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Owó oṣù yẹn wá dé, wọ́n ti fi kóòdù owó orí tí kò tọ́ yọ owó níbẹ̀, wọ́n padà dá a fún mi lóṣù kejì ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ń pa lónìí, kí ló fẹ́ fi oṣù kejì ṣe?

Èyí jẹ́ ti ẹni kan nínú yàrá kan. Ẹni tó fẹ́ kó ìdílé wọ ilé yàrá méjì lẹ́yìn odi London, ká ní ilé yẹn jẹ́ £1,000 lóṣù, oṣù àkọ́kọ́ pẹ̀lú káṣọ̀n ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ibi tí òfin England fi òdiwọ̀n ẹ̀ sí nìyẹn láti 2019, ó ti di £2,153. Wọ́n á tún béèrè oníduùró tó ń gbé UK tó sì ń gbowó gidi, ta lẹ fẹ́ mú? Tẹ́lẹ̀, ẹni tí ò bá ní oníduùró, wọ́n á ní kó san oṣù mẹ́fà sílẹ̀, òfin Renters' Rights Act ti 2025 ló wá ní láti ọjọ́ kìíní May 2026 onílé ní England ò gbọdọ̀ gbà ju ti oṣù kan lọ ṣáájú, àmọ́ oníduùró ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé náà ló jẹ́ pé ògiri nìkan lẹ máa bá, kò sí bẹ́ẹ̀dì, nígbà míì kò sí ààrò. Nígbà tá a ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, tá a fi owó ilé oṣù kejì àti oúnjẹ kún un, ìdílé yẹn nílò nǹkan bíi £5,000 lọ́wọ́ lẹ́yìn fíísà àti tíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà. Ẹni kan tó ń wá yàrá, £2,500.

Kí ló wá máa kù lóṣù? A kọ ọ́ sórí ìwé. Ìdílé yẹn lórí owó oṣù kan, £1,980: ilé £1,000, owó káńsù £130, gáàsì, iná àti omi £180, oúnjẹ £400 tẹ́ ẹ bá mọ bẹ́ ẹ ṣe ń rà á, bọ́ọ̀sì £80, fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì £50. Ó ku £140. Nínú £140 yẹn lẹ máa ti ra bàtà ọmọ, lẹ máa ti fi ránṣẹ́ sí Màmá. Ilé £1,000 yẹn gan-an, mo dín in kù ni, torí ONS tó ń ṣírò fún ìjọba sọ pé owó ilé tí àwọn èèyàn ń san ní UK lápapọ̀ ti kọjá £1,300 lóṣù ní 2025, ti London kọjá £2,200. Ẹni kan ṣoṣo ńkọ́, nínú yàrá £600 tí iná àti gáàsì ti wà níbẹ̀, oúnjẹ £180, bọ́ọ̀sì £80, fóònù £15? Ó ku £1,105. Èèyàn kan náà, iṣẹ́ kan náà, owó kan náà.

Ọkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yìí ní òun náà á ṣiṣẹ́, òótọ́ ni, fíísà tó máa tẹ̀ lé e yẹn gbà á láàyè. Lórí owó tó kéré jù, tó jẹ́ £12.21 ní wákàtí lọ́dún 2025 sí 2026, ó lè mú bíi £1,700 wálé lóṣù, ìyẹn sì máa yí gbogbo ìṣirò yẹn padà. Ta ló máa wá mú ọmọ dání? Ọmọ wọn àgbà pé mẹ́fà, ìyẹn á lọ ilé ìwé ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́, kò sí sukúù fíìsì, wọ́n tún máa fún un lóúnjẹ ọ̀sán lọ́fẹ̀ẹ́ títí tó fi máa parí Year 2, èrè gidi nìyẹn, ẹni tó ń san owó ilé ìwé ní Èkó tàbí Ìbàdàn mọ ohun tí mò ń wí. Àbúrò ẹ̀ ló pé méjì. Jẹ́lé-ó-sinmi fún ọmọ ọdún méjì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ lè kọjá £1,000 lóṣù, àwọn wákàtí ọ̀fẹ́ tí ìjọba ń fún òbí tó ń ṣiṣẹ́, ìdílé tí wọ́n kọ ọ́ sórí fíísà àwọn méjèèjì pé wọn ò gbọdọ̀ jẹ nínú owó ìrànwọ́ ìjọba, kì í kàn wọ́n. Wákàtí 15 lọ́sẹ̀ tí ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ń jẹ ló kàn wọ́n. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá níbí ń ṣe ni pé ìyàwó á ṣiṣẹ́ alẹ́, ọkọ á ṣiṣẹ́ ọ̀sán, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń pàdé, ọ̀kan ń wọ bàtà, èkejì ń bọ́ ọ. Mo ti rí ilé tí èyí gbè, mo ti rí èyí tó tú ká lórí ẹ̀ láàárín ọdún kan àbọ̀. Mo fi í síbí torí owó rẹ̀ kì í hàn nínú báńkì.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí àwọn tó ń ta CoS, torí ó ń dùn mí gidi. CoS jẹ́ ìwé tí agbanisíṣẹ́ ń gbà lọ́dọ̀ Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìwọlé, láti fi mú òṣìṣẹ́ wá, £525 ni wọ́n gbé e sí ní April 2025, agbanisíṣẹ́ ló yẹ kó san án, òfin sì ti ní kò gbọdọ̀ gbé e lé òṣìṣẹ́ lórí. Síbẹ̀ wọ́n ń ta á fáwọn èèyàn wa ní mílíọ̀nù mẹ́wàá, mílíọ̀nù méjìlá. Láti March 2024 ni wọ́n ti ní àwọn tó ń tọ́jú arúgbó ò lè mú ìyàwó tàbí ọmọ dání mọ́, nígbà tó sì di ọjọ́ 22 July 2025 wọ́n ti ọ̀nà yẹn pa pátápátá fún ẹni tó wà lókè òkun. Nítorí náà ẹnikẹ́ni tó bá jókòó ní Ìkẹjà lónìí tó ní òun ní CoS kẹ́à fún yín, gbájúẹ̀ ni. Ti nọ́ọ̀sì pàápàá, Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí WHO sọ ní 2023 pé òṣìṣẹ́ ìlera wọn ò tó, òfin ìwà tí UK fi ń gbani síṣẹ́ ìlera ò sì gba ẹ́jẹ́ǹtì láyè láti wá kó èèyàn níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lọ ló máa fúnra ẹ̀ kọ̀wé sí ọsibítù. Ẹni tó tún ti rà á tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Láti July 2022 sí December 2024, wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn agbanisíṣẹ́ ìtọ́jú tó ju 470 lọ, àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lábẹ́ wọn ju 39,000. Tí ìwé àṣẹ ọ̀gá yín bá bọ́, ọjọ́ 60 ni wọ́n sábà máa ń fún yín kẹ́ ẹ fi wá ọ̀gá mìíràn tàbí kẹ́ ẹ padà sílé. Ẹni tó ta ilé Bàbá ẹ̀ ra CoS tó wá wà nínú ọjọ́ 60 yẹn, mo ti bá irú wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹkún ni wọ́n ń sun.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wo gbèsè ju fíísà lọ. Tí owó tẹ́ ẹ fi lọ bá jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́fà tẹ́ ẹ kó jọ fúnra yín látinú àjọ àti kóópù, tó sì ń ku £600 sí yín lọ́wọ́ lóṣù lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fi díẹ̀ ránṣẹ́ sílé, oṣù márùn-ún lẹ máa fi rí i padà. Tó bá jẹ́ mílíọ̀nù 30, tí ìdajì ẹ̀ jẹ́ owó èlé, tí ohun tó ń kù sì jẹ́ £140, £15,000 nìyẹn, ó lé ní ọdún mẹ́jọ láìka èlé. Tẹ́ ẹ bá ti mọ iye oṣù yẹn, ẹ fi wé iye ọdún tó wà lórí fíísà yín. Ìgbé ayé títí láé náà ti ń jìnnà sí i, ọdún márùn-ún ni tẹ́lẹ̀, ìwé ètò tí ìjọba wọn gbé jáde ní May 2025 ní kó di mẹ́wàá fún ọ̀pọ̀ èèyàn, owó fọ́ọ̀mù ẹ̀ sì di £3,029 fún ẹnì kan ní April 2025.

Ẹ tún ka ohun tẹ́ ẹ ń fi sílẹ̀. Ẹni tó ń gba ₦150,000 tó ń san owó ilé, ohun tó ń fi sílẹ̀ ò pọ̀, £500 tó bá ṣẹ́kù lóṣù ti ju gbogbo owó oṣù ẹ̀ ìlọ́po mẹ́fà lọ. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù tó ń lọ dáadáa ní Dùgbẹ̀, tó ń gbé ilé ara ẹ̀, tí Ìyá àgbà ń bá a mú ọmọ, ìyẹn gbọ́dọ̀ ṣírò ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, torí Ìyá àgbà yẹn nìkan, £1,000 lóṣù ni.

Ọkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ bínú, ó ní ṣé mo fẹ́ ya ìdílé òun ni. Mo ní rárá o, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ wá, kó ṣe OSCE, oṣù mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fún wọn láti fi ṣe é, kó di band 5, kó gba yàrá, kó máa fi bíi £900 pamọ́ lóṣù, láàárín oṣù mẹ́sàn-án ó ti lè ní £5,000 tó máa fi gba ilé kẹ́ ẹ tó kó ọmọ dé, kékeré yẹn náà á ti máa sún mọ́ ọdún mẹ́ta nígbà yẹn. Ó dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú kan, ó ní òun á ronú sí i. Ọjọ́ Sunday ló pè mí padà. Ó ní ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ Àkànràn ti gbé owó wá, pé òun ti sọ fún un pé àwọn ò tà mọ́, àti pé ṣé mo mọ ibi tí wọ́n ti ń rí kóòtù tó dáa tí kò wọ́n, torí January ni ìyàwó òun máa balẹ̀.